TaqI nínú jíìnì VDR: ṣé ẹ́ńsáìmù ni kò gé DNA tán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì VDR (jíìnì prótéènì tí fítámì D ń so mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì) àti jẹjẹrẹ próstéètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

FokI, ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí mo fi ń gé DNA láti mọ irú jíìnì yìí tí ẹnì kan ní, ò ní wàhálà. DNA 265 bp (bp ni a fi ń ka gígùn DNA) ni. Bí ẹ́ńsáìmù bá gé e sí 196 àti 69, irú tí à ń pè ní f ni. Bí kò bá gé e, F ni, èyí tí prótéènì rẹ̀ jẹ́ ámínò ásíìdì 424 dípò 427.

TaqI, ẹ́ńsáìmù kejì, ló ń dà mí láàmú. Irú tí ó ń gé sí 290 àti 205 ni t, èyí tó ṣẹ́ kù ní 495 ni T; ẹni tó ní méjèèjì ni Tt. Láàárín àwọn ọkùnrin tí kò ní jẹjẹrẹ, Tt pọ̀ ju iye tó yẹ kó jẹ́ nínú ìṣirò Hardy-Weinberg (tó ń sọ iye ènìyàn tó yẹ kó ní irú kọ̀ọ̀kan) lọ, tt sì kéré jù. Lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya àwọn ègé DNA sọ́tọ̀, ìlà 495 ṣì ń hàn fírífírí lókè 290, 245 àti 205. Ìfura mi ni pé gígé náà kò parí: 65°C ni TaqI ń ṣiṣẹ́, omi inú ike a sì máa gbẹ bí ìdérí kò bá dé dáadáa. Ṣé kí n tún gbogbo wọn gé, àbí kí n mú díẹ̀ nínú àwọn Tt lọ fún sequencing (kíka lẹ́tà DNA ní tààrà) ná? Mi ò fẹ́ kí àṣìṣe láàbù di ewu tí a ó máa fi dẹ́rù ba ọkùnrin kankan.

Ẹ tún bá mi wo èyí: ìyàtọ̀ BsmI (ibòmíràn tí ẹ́ńsáìmù ń gé nínú jíìnì VDR) àti ti TaqI sábà máa ń rìn pọ̀. Ṣé ìdánwò méjì lẹ máa kà wọ́n sí, àbí haplotype (àwọn ìyàtọ̀ tí a jọ jogún pọ̀) kan? Tí 25(OH)D (ìwọ̀n fítámì D inú ẹ̀jẹ̀) bá sì wà nínú ìṣirò, báwo lẹ ṣe ń ṣe ti oṣù tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀?