Kẹ́tùlù mi ti hu èépá funfun nínú, ṣé omi ni àbí kẹ́tùlù ló bàjẹ́?

DeleDartford: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Glasgow wá sí Dartford ni, oṣù mẹ́ta ò tíì pé. Kẹ́tùlù tuntun tí mo rà, mo ṣí ìdérí ẹ̀ láàárọ̀ yìí, inú ẹ̀ funfun báláú bí ìgbà tí wọ́n fi ẹfun kùn ún, ó sì ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja, ó ń bọ́ sínú tíì. Tíì ọ̀hún gan-an, tó bá ti dúró díẹ̀ nǹkan kan á bò ó lójú bí awọ, mo bá fi ṣíbí kàn án ó á fọ́ kélekèle. Ìyàwó mi ní mi ò mọ kẹ́tùlù fọ̀ ni. Mo gbé e padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ tó wà níbẹ̀ kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò yìí ni. Ọṣẹ dúdú tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta náà ò hó mọ́. Ṣé omi yìí ò ní ṣe àwọn ọmọ ní nǹkan? Wọ́ṣìn maṣíìnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ńkọ́?

ÌyáBejì_SE28: Hahaha ẹ káàbọ̀ sí ilẹ̀ ẹfun! Kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan o, àwọn ìbejì mi ti ń mu ún láti kékeré, ọdún mẹ́rìnlá rèé. Ẹ ra fínígà funfun, ẹ bù ú pọ̀ mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì sínú kẹ́tùlù yẹn, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ wá fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ máa gbọ́ tó ń hó ṣìì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bílíìṣì kún un rárá, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ májèlé ni.

Tísà_Kẹ́mísìrì: Àbúrò, kẹ́tùlù ò bàjẹ́. Òkúta ẹfun tẹ́ ẹ máa ń rí ní etíkun Dover, irú ẹ̀ náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Kent tẹ́ ẹ wà yẹn. Bí òjò bá ti ń wọlẹ̀ ló ń gbé gáàsì láti inú iyẹ̀pẹ̀, gáàsì yẹn ni ò jẹ́ kí omi lè kọjá lára òkúta láìyọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ dání, ojú ò sì lè rí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá se omi, gáàsì á sá lọ, ohun tó yọ́ á tún padà di òkúta, ibi tó gbóná jù ló sì máa ń lẹ̀ mọ́, ìyẹn irin ìdí kẹ́tùlù. Ìdí nìyẹn tí omi tútù nínú jọ́ọ̀gì kì í fi í hu èépá bíi ti kẹ́tùlù. Ní Glasgow, adágún Loch Katrine ni omi yín ti ń wá láti ọdún 1859, àpáta ibẹ̀ kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kó lọ bá omi tuntun, kẹ́tùlù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

ỌmọEwékorò: Ẹ̀yin èèyàn ń ṣe bíi pé London nìkan ló ni í. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ewékorò, omi bóóhòlù bàbá mi ń sọ ìkòkò di funfun látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi kì í fọṣọ funfun níbẹ̀, omi òjò ló máa ń gbè sílẹ̀ fún un. Ọṣẹ ò ní hó, àfi kó máa dì mọ́ra bíi wàrà tó ti bàjẹ́.

Àjọkẹ́_Luton: Fún wọ́ṣìn maṣíìnì, ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí ọṣẹ wò, wọ́n máa ń kọ iye tẹ́ ẹ máa lò fún omi líle, ìyẹn omi tí ẹfun wà nínú ẹ̀ bíi tiyín yìí, sí i, ó máa ń ju ti Glasgow lọ. Ẹ máa fi omi gbígbóná àti citric acid, ìyẹn ohun kíkan tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, yí i lófìfo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò fara mọ́ fínígà fún ìyẹn o, torí ó lè jẹ rọ́bà ẹnu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní díṣíwọ́ṣà, iyọ̀ tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù sí i, ẹ má bu iyọ̀ ọbẹ̀, èmi ti ṣe é rí, owó púlọ́ńbà ni mo fi jẹ. Ọkọ mi tún lọ ra máágínẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ní kéèyàn so mọ́ páìpù, kẹ́tùlù wa ṣì ń hu èépá tiẹ̀ lọ ní tiẹ̀.

ÌyáBejì_SE28: @Àjọkẹ́ 😂😂 tiwa náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan fi ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ rọ omi sílé, wọ́n ní kí táàpù ìdáná má gbabẹ̀ kọjá, pàápàá torí mílíìkì ọmọ jòjòló àti Bàbá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

DeleDartford: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe fínígà yẹn, ẹfun náà ṣí kúrò lódindi, irin ìdí ẹ̀ ń dán bíi ọjọ́ tí mo rà á. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó, ó ní ó dáa, àmọ́ kí ló dé tí tíì òun ń rùn bíi sàláàdì? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n ṣan án?

ÌyáBejì_SE28: Ẹ se omi lásán nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ dà á nù. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ò rí ọsàn wẹ́wẹ́ rà ni?