Lẹ́ńsì 80 tàbí 150 fún Hasselblad: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o. Kámẹ́rà fíìmù Hasselblad 500C/M ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì Planar 80mm f/2.8 (nọ́ńbà f yìí ló ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bó bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe fẹ̀ tó). Ojú èèyàn ni mo fẹ́ràn láti yà jù, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó wé gèlè.

Tí mo bá ṣí ihò lẹ́ńsì sílẹ̀ pátá ní f/2.8, iná tó wà lẹ́yìn á rí roboto, á rẹwà, àmọ́ ìpéǹpéjú á ṣe bàìbàì díẹ̀. Tí mo bá dín in kù sí f/5.6, ojú á hàn kedere, ṣùgbọ́n iná yẹn á di onígun márùn-ún, torí abẹ́ márùn-ún péré (àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń dín ihò náà kù) ló wà nínú lẹ́ńsì náà. Mi ò fẹ́ràn onígun yẹn rárá.

Mo ti gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì kọ́kọ́ gbé dígí inú rẹ̀ sókè kó má baà mì. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé skánà. Nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí mo ti fọ̀, gan-an ni mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò. Bàìbàì náà ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé lẹ́ńsì ló ní àbùkù, àbí èmi ni mi ò fojú sun ún dáadáa? Mo tún ń ronú láti ra lẹ́ńsì Sonnar 150mm f/4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé irun ìpéǹpéjú máa ń hàn ketekete ní f/4? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń dán lẹ́ńsì wò kẹ́ ẹ tó sanwó?