Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: bàbá dúdú ni mo fẹ́ pín níbi ọjọ́ìbí màámi

Ìyá Ìfẹ́ (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mi ò sì lè bi ẹnikẹ́ni nílé torí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù gan-an ni mi ò fẹ́ kó gbọ́ sí i. Màámi máa pé 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá. A ò ní ṣe páàtì ńlá, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ká wá jẹun nílé, àlejò bíi 50, ó parí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra abọ́ rọ́bà ká lẹ fọ́tò màámi mọ́ ọn. Abọ́ rọ́bà tó wà nílé mi báyìí lé ní ogún, mi ò lè sọ ẹni tó fún mi ní ẹyọ kan nínú wọn.

Èmi wá ní i lọ́kàn pé nǹkan tá a fọwọ́ ara wa ṣe ló yẹ ká pín, àní bàbá dúdú, súìtì àgbọn yẹn, torí bàbá dúdú ni màámi fi rán wa níwèé. Gbogbo ìgbà tá a wà ní pírámárì, ààjìn ló ń jí rin àgbọn, tó bá fi máa di aago méje ó ti gbé tírè ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà skúùlù, bàbá dúdú lápá kan, gúrúdí lápá kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pè mí ní ọmọ oníbàbá dúdú, ó máa ń dùn mí dọ́kàn nígbà yẹn, báyìí ó wù mí kí gbogbo èèyàn tó bá wá mọ̀ ọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo dán an wò ní Sátidé, kò bọ́ sí i. Ìkòkò àkọ́kọ́ jó lábẹ́, ó ń korò. Èkejì dì dáadáa, mo ti ń yọ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bu ọ̀kan jẹ tó di yanrìn-yanrìn lẹ́nu mi, bí ìgbà téèyàn ń la ṣúgà lásán. Kí ni mò ń ṣì ṣe? Kí ni mo lè fi dì í kó wuyì? Àwọn àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́, kí ni mo máa fún tiwọn? Owó ọwọ́ mi ò ju ₦90,000 lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, Ọlọ́run á dá àwọn ìyá wa sí.

Màmá Tèmi (Ìjàpọ̀)
Èrò ẹ dáa gan-an Ìyá Ìfẹ́. Èmi ì bá ní kó o fi chin-chin díẹ̀ sí i kó má jẹ́ dídùn nìkan, àmọ́ tó o bá máa ṣe é, ṣe é fúnra ẹ. Nígbà tí mo ń kó ọmọ mi jáde mo gbé iṣẹ́ chin-chin fún ẹnì kan, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù nígbà tó ṣì ń gbóná, ooru ẹ̀ di omi sínú láílọ́ọ̀nù, ìgbà táwọn èèyàn máa fi délé wọn ó ti rọ̀ bí búrẹ́dì àná. Ojú tì mí débi pé mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó dùn. Tó o bá dín in tán, tẹ́ ẹ sórí tírè kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bọ́tà ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, tó bá pọ̀ ṣe ló máa tú sínú òróró.

Bọ̀dá Káyọ̀ (Alágbàka)
Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Èèyàn á ti Èkó wá, á ti Ọ̀wọ̀ wá, ẹ wá fún un ní súìtì mẹ́fà? Wọ́n á ní ẹ háwọ́. Ẹ ra tọ́wẹ̀lì kékeré, ó máa pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin náà á sinmi.

Ìyá Ìfẹ́
Ẹ ṣé Bọ̀dá Káyọ̀, mo gbọ́. Àmọ́ kò sí tọ́wẹ̀lì nínú ìtàn màámi. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bọ̀ yìí ti ra bàbá dúdú lọ́wọ́ ẹ̀ rí, òmíràn ra á ní àwìn. Òun ni mo fẹ́ kó dé ọwọ́ wọn.

Ìyá Yábà (Oǹdó)
Ọmọ mi, o káre. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ta á ní Yábà, ní Oǹdó níbí kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́, jẹ́ n sọ ibi tó o ti ṣì í fún ẹ.

Ti jíjó yẹn, iná ẹ ló pọ̀, ìkòkò ẹ sì fẹ́lẹ́. Wá ìkòkò tó nípọn. Rin àgbọn ẹ kó kúnná, omi gbígbóná ni kó o bù lé e, kì í ṣe tútù, jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ tọ́wọ́ á fi lè wọ̀ ọ́, kó o wá fi aṣọ funfun fún un. Má lo asẹ́, èérí àgbọn máa ń gba ojú asẹ́ kọjá, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ jó nísàlẹ̀ ìkòkò. Àgbọn ńlá kan, ṣúgà agolo mílíìkì méjì.

Èyí tó di yanrìn, gbọ́ dáadáa. Ṣúgà tí kò yọ́ ló fà á. Ìwọ da ṣúgà sí i nígbà tó ti ń hó, àbí? Díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó jábọ́ padà sínú ẹ̀ nígbà tó fẹ́ dì, ó wá sọ gbogbo èyí tó kù di bíi tiẹ̀. Àárín omi àgbọn tí kò tíì rí iná ni kó o ti rò ó títí wóró ṣúgà ò fi ní dún lábẹ́ ṣíbí mọ́, kó o tó gbé e kaná. Máa fi aṣọ tó lómi nu ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Kó o sì kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ̀kán mẹ́rin márùn-ún fún àgbọn kan, kò ní kan lẹ́nu, àmọ́ kò ní jẹ́ kó padà di ṣúgà.

Tó bá ti hó, á kọ́kọ́ funfun bí ògì, á wá máa pọ́n bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, òróró á yọ sójú ẹ̀. Má da òróró yẹn nù, bù ú sí ife, òun lo máa fi pa ọwọ́ àti tírè. Látìgbà tó bá ti pọ́n, má kúrò nídìí ẹ̀, má gbé fóònù, ẹni tó bá ń kan ilẹ̀kùn kó dúró. Bù ú kán sínú omi tútù: tó bá tú ká, ó kù. Tó bá dì àmọ́ tó ṣì ń nà lọ́wọ́, ó kù díẹ̀. Tó o bá mú un tó o jù ú sínú abọ́ tó dún kó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá. Dà á sí tírè, má dúró kó tutù, bó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa yí i, kó tóbi bí ìka ọmọdé, kẹ́ ẹ máa gé e. Á jó yín lọ́wọ́, òróró yẹn ló máa gbà yín. Ẹnì kan ò lè dá a ṣe, torí tó bá tutù tán nínú tírè, òkúta ni.

Àgbọn kan á fún ẹ ní bíi 25 sí 30. Mẹ́fà-mẹ́fà fún èèyàn 50 jẹ́ 300, ra àgbọn 12, kó o sì máa sè é ní méjì-méjì. Oṣù Kejìlá dáa fún un, ọyẹ́ á ti dé, lásìkò òjò ló máa ń fa omi mọ́ra táá máa lẹ̀. Bó o bá ń ra àgbọn, mì í sétí, èyí tí omi ẹ̀ ò bá dún, fi í lẹ̀. Wo ojú ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó bá ti hu funfun níbẹ̀, inú ẹ̀ ti bàjẹ́.

Àńtí Ìdànrè
Mo ti kọ gbogbo ohun tí Ìyá wí sínú ìwé mi. Ní ti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ fún wọn ní ọṣẹ dúdú, nǹkan tiwa ni, ọwọ́ náà la fi ń ṣe é. Nílé wa èèpo kòkó kì í ṣòfò, tá a bá ti kó kòkó kúrò nínú ẹ̀ a máa sá a kó gbẹ, a máa sun ún di eérú, a máa da omi gba inú eérú yẹn kó máa ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò, omi pupa kan tó mú gan-an lèyí tó máa jáde, òun la ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí á fi dì. Ẹ má rà á tuntun kẹ́ ẹ pín in lójú ẹsẹ̀ o, ọṣẹ tuntun máa ń ta èèyàn lára, ẹ fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ fọ ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò ná. Ẹ gé e bíi ẹ̀kọ kékeré, ẹ fi ewé eéran pọ́n ọn. Òórùn ewé yẹn nìkan tó ẹ̀bùn.

Màmá Tèmi
Ìpékeré náà wà o, kẹ́ ẹ má fi ṣúgà kankan sí i, iyọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ọṣẹ yẹn wù mí jù.

Bàbá Télọ̀ (Arákálẹ̀)
Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fowó ra páálí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló ní ìgékù aṣọ tí wọ́n fẹ́ kó dànù, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Àpò kékeré tí okùn máa fún lẹ́nu, mo lè rán 50 láàárín ọjọ́ méjì, owó òwú nìkan ni mo máa gbà torí ìyá oníbàbá dúdú tiwa náà wà nígbà tí mo wà ní skúùlù. Tẹ́ ẹ bá ní àdìrẹ lọ́kàn, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, aró máa ń ṣí. Kódà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ fi bébà wé bàbá dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wọnú aṣọ, kó má lẹ̀ mọ́ra wọn kó má sì gba àwọ̀.

Ìyá Ìfẹ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Ìyá Yábà, ẹ̀mí yín á gùn. Mo se àgbọn méjì lánàá bẹ́ ẹ ṣe wí, èmi àti Ìfẹ́ la jọ yí i, ó pọ́n, ó ń dán, mo jẹ ọ̀kan láàárọ̀ yìí kò sí yanrìn kankan níbẹ̀. 56 la kà, láìka èyí tí Ìfẹ́ jẹ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àárín ìgbà tí mò ń rò ó lọ́wọ́ ni màámi kan ilẹ̀kùn, kò sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. Mo sáré pa ilẹ̀kùn kíṣìnì dé, mo fi Ìfẹ́ sídìí ìkòkò. Màámi dúró ní pálọ̀, ó gbé imú sókè, ó ní ta ló ń se bàbá dúdú? Mo ní aládùúgbò wa ni. Kò bi mí ní nǹkan míì. Ó jókòó, ó mu omi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá ní, "Sọ fún un kó rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀, ó ti fẹ́ mú un." Mo wọlé lọ wò ó, òótọ́ ni.

Bàbá Télọ̀, mo ń bọ̀ ní Arákálẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ìgékù ańkárá ni mo máa kó wá. Àńtí Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tọ́jú ọṣẹ fún èèyàn 12, ẹ sọ iye ẹ̀.

Bàbá Télọ̀ (Arákálẹ̀)
Ẹ mú bàbá dúdú mẹ́fà dání, kí n fi wọ̀n bí àpò ṣe máa tóbi tó.