Òkúta tí wọ́n pè ní ti òṣùpá

Ẹ̀gbọ́n kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ló ra òkúta náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Mòrókò. Òkúta òṣùpá ni oníṣòwò ọ̀hún pè é. Kí ni kó tún pè é? Owó òkúta òṣùpá kì í ṣe ẹgbẹ́ owó àwọn òkúta yòókù tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹ̀gbọ́n ní kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò ní yàrá àyẹ̀wò wa.

Mo so òòfà mọ́ òwú, mo sún un mọ́ òkúta, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Ìyẹn nìkan tó láti kọminú, torí irin inú òkúta òṣùpá kéré gan-an. Nígbà tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, irin ń tàn wínní-wínní lójú ibi tí a gé, hóró róbótó-róbótó sì wà láàárín rẹ̀. Chondrule là ń pe hóró wọ̀nyẹn: ẹ̀kán òkúta yíyọ́ tó dì lójú òfuurufú ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún sẹ́yìn, kí ayé tiẹ̀ tó dá. Ọ̀rọ̀ òṣùpá parí síbẹ̀.

Irú wo wá ni? Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú àwọn òkúta tó ní chondrule: H, tí irin pọ̀ sí jù, L, tí irin rẹ̀ kéré, àti LL, tí tirẹ̀ kéré jù lọ. A lọ̀ ọ́ di fẹ́lẹ́, 0.03 mílímítà, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, a wá fi microprobe, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó wà nínú òkúta, wọn fayalite, ìyẹn apá tó jẹ́ ti irin nínú olivine, ọ̀kan lára àwọn ohun tó para pọ̀ di òkúta náà. Bó bá wà láàárín 16 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, H ni. 22 sí 26, L. 27 sí 32, LL. Tiwa jẹ́ 25. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé òkúta H ni irin pọ̀ sí jù, síbẹ̀ olivine inú rẹ̀ ni irin kéré sí jù: irin tó ti dúró láyè ara rẹ̀ kò wọ inú olivine mọ́.

Nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Van Schmus àti Wood, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1967. Ní ìpele 3, etí chondrule hàn ketekete. Bí ooru inú ìyá òkúta, ìyẹn òkúta ńlá ojú òfuurufú tó ti já wá, bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń dàpọ̀ mọ́ ohun tó yí wọn ká, títí dé 6, níbi tí èèyàn ti ń wá wọn kiri. Ọ̀gá mi ní 5, mo ní 6. Wọ́n nàka sí chondrule kan tí ìlà olivine rẹ̀ tò bí ìlà aṣọ òfì, wọ́n ní ṣé èyí tó hàn báyìí la fẹ́ pè ní 6? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, onílà kì í tètè pa rẹ́, ẹ jẹ́ ká wo feldspar, hóró mìíràn inú òkúta tí ooru máa ń mú tóbi sí i. A wọ̀n ọ́n: púpọ̀ nínú rẹ̀ ju 0.05 mílímítà lọ. Bó ṣe di L6 nìyẹn. Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí ju ti ẹ̀rọ lọ.

Inú ẹ̀gbọ́n ò dùn, torí L6 pọ̀ lọ́jà. Wọ́n tún ráhùn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kí Meteoritical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òkúta ojú ọ̀run, tó fún un lórúkọ, a gbọ́dọ̀ fi gíráàmù 20 sílẹ̀ fún ilé ìpamọ́, tàbí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún bí ìyẹn bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n lè mọ bí èyí tó ṣọ̀wọ́n ṣe ń rí, mo wá sọ ìtàn Zagami fún wọn, òkúta ojú ọ̀run tó já bọ́ ní Katsina lọ́dún 1962, nítòsí àgbẹ̀ kan tó ń lé kannakánná lóko àgbàdo. Kìlógíráàmù 18 ni. Kò ní chondrule kankan: pyroxene, ohun mìíràn tó máa ń wà nínú òkúta, ló pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú feldspar tí ìkọlù ti sọ di gíláàsì. Mars ló ti wá.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé òkúta mìíràn dé, èyí tí òòfà kò fà rárá. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì na owó rẹ̀, torí ó lè jẹ́ òkúta ilẹ̀ Mòrókò lásán. Èèpo dúdú tí iná ojú ọ̀run máa ń fi sílẹ̀ ni mo ṣì ń wá lára rẹ̀.