Fífi ohun tí ọmọ fẹ́ràn kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Jàpáànù sísọ

Ọmọ Ìpẹru, Osaka: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde tí à ń kọ́ lórí fóònù ti mọ hiragana (lẹ́tà ìkọ̀wé Jàpáànù), ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí wọn, àmọ́ tí a bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré, ó tán. JLPT, ìdánwò èdè Jàpáànù tí wọ́n ń múra fún, kò ní apá ọ̀rọ̀ sísọ, ìyẹn ni wọn ò fi kà á sí. Báwo lẹ ṣe ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ràn mú wọn sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì, Nagoya: O kú iṣẹ́, àbúrò mi. Ìbéèrè rẹ ni kí o kọ́kọ́ yí padà. Tí o bá ní "Shumi wa nan desu ka" (kí lo fẹ́ràn láti máa ṣe), ọmọ á ní "Sakkā desu" (bọ́ọ̀lù ni), ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn. Má bi í ní ohun tó fẹ́ràn, bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Senshū no shiai wa doko de mimashita ka? Dare to mimashita ka? Dono gōru ga ichiban yokatta desu ka?" (Níbo lo ti wo bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ta lẹ jọ wò ó? Góòlù wo ló dára jù?) Ìwọ fúnra rẹ ò mọ ìdáhùn, nítorí náà ó ní láti ṣàlàyé.

Kó kọ ọ̀rọ̀ 12 péré sílẹ̀ ṣáájú kíláàsì, mẹ́rin nínú wọn kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Kò gbọdọ̀ kọ odidi gbólóhùn, torí kíkà ni yóò máa kà á. Lẹ́yìn náà kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 90, lẹ́yìn náà 60, lẹ́yìn náà 45. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹta, kò ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri mọ́.

Ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ sísè, ìkọ́kọrẹ́ ni kó sè fún wa lẹ́nu: "Mazu, yamaimo no kawa o mukimasu. Tsugi ni, oroshimasu. Sore kara, nabe ni iremasu. Sugu ni mazenaide kudasai." (Kọ́kọ́ bó èèpo iṣu. Lẹ́yìn náà, rin ín. Lẹ́yìn ìyẹn, dà á sínú ìkòkò. Jọ̀ọ́, má tètè rò ó.) Ẹnìkejì á bi í pé "Dōshite desu ka?" (kí ló dé?) Ó di "Katachi ga kuzuremasu kara" (torí ìrísí rẹ̀ á bàjẹ́), torí tí a bá tètè rò ó, kókó ewùrà á yọ́. Àwọn ará Jàpáànù náà ń rin yamaimo (iṣu tiwọn), tororo ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní tútù lórí ìrẹsì. Ẹ ó rí i pé wọ́n á ní ìbéèrè tòótọ́ láti bi ọmọ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Tokyo: Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, mà. Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń wo anime gidigidi. "Ore" (èmi) àti "omae" (ìwọ), tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú, ni wọ́n ń gbọ́, tí wọ́n bá sì sọ "omae" sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, ìwà àfojúdi ni. Ẹ má kàn kà á léèwọ̀. Kí wọ́n ṣe ìran náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, kí wọ́n wá tún un ṣe bíi pé ọ̀gá ilé ìtajà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: "ore" á di "watashi" (èmi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀), "omae" á di orúkọ ẹni náà pẹ̀lú "san", ọ̀rọ̀ ìṣe á sì gba "masu", ìparí tó ń fi ọ̀wọ̀ hàn. Ẹ má fi "anata" (ìwọ) dípò "omae" o.

Fọ́tò Ojúde Ọba kan náà tó: "Uma ni notte imasu. Minna onaji fuku o kite imasu." (Wọ́n gun ẹṣin. Gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà.) Ọ̀rọ̀ lórí regbéregbé kan lè gba ìdajì wákàtí.

Ọmọ Ìpẹru, Osaka: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ìgbà wo la ń ṣàtúnṣe àṣìṣe?

Ìyá Ìbejì, Nagoya: Tó bá ti dákẹ́. Kọ wọ́n sílẹ̀, mú mẹ́ta péré. "Sakkā o suki" (mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù) ló máa ń pọ̀, "ga" ló yẹ dípò "o". Ẹni tó bá sọ "jōzu" (ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa) nípa ara rẹ̀ ń yin ara rẹ̀, "tokui" (ohun tó mọ́ mi lọ́wọ́) ni kó lò. Gbọ́ z dáadáa: "kazoku" ni ẹbí, "kasoku" ni kí eré máa pọ̀ sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Tokyo: Lórí fídíò, kí olùgbọ́ mi orí dípò kó máa ní "hē, sō desu ka" (ẹ̀hẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ni), torí fóònù máa ń pa ohùn ẹnìkan tí ẹni méjì bá jọ sọ̀rọ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń já, kí kálukú fi ohùn ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí WhatsApp, kí ẹni tó gbọ́ ọ fi ìbéèrè méjì dáhùn lóhùn, kó má tẹ̀ ẹ́.