Táyé mi fẹ́ gbá họ́kì orí yìnyín: ẹ̀yin àgbà Edmonton, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Edmonton: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ. Táyé mi ti pé ọmọ ọdún méje. Látìgbà tí wọ́n ti kó wọn lọ sórí yìnyín nílé-ìwé ni kò ti jẹ́ ká sinmi mọ́, họ́kì ṣáá ló ń wí. Bàbá ẹ̀ ní eré oníjà ni, pé wọn a máa yọ eyín ara wọn. Owó ẹ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Ta ló ti mú ọmọ lọ síbẹ̀ rí nínú yín?

Ọmọ Ìlíṣàn, Calgary: Àǹtí mi, ẹ dúró de Bàbá Ìpẹru. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó wọn nínú wa.

Bàbá Ìpẹru: Ìyá Ìbejì, o kú ìtọ́jú ọmọ. Ká ní ọdún 1984 lo bi mí, màá ní kó o mú un lọ lọ́la. Ká ní 2011 ni, màá ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni kó lọ gbá. Ohun tí màá sọ lónìí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

1983 ni mo dé Edmonton láti wá kàwé. Lọ́dún kejì Oilers, ẹgbẹ́ họ́kì Edmonton, gba ife Stanley, ife tó ga jù nínú líìgì họ́kì, ẹni tó sì ń ṣọ́ ilé fún wọn jẹ́ ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, Grant Fuhr. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó gba ife yẹn rí ṣáájú ẹ̀. Nínú yàrá tẹlifíṣọ̀n àwa akẹ́kọ̀ọ́, èmi nìkan ni mo dúdú níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń pè. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo di ti Oilers. Ife márùn-ún ni wọ́n gbà láàárín 1984 sí 1990. Àárín ẹ̀ náà ni wọ́n gbé Wayne Gretzky, ìràwọ̀ wọn, fún Los Angeles, ní August 1988, mo sì rí àgbàlagbà tó ń sunkún níbi iṣẹ́. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lẹ́yìn wọn.

Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ orúkọ agbá họ́kì kan, Iginla, lórí rédíò. Wọ́n ń pè é bí orúkọ òyìnbó, mo ní rárá o, Igi ńlá ni. Ọmọ Yorùbá ni bàbá ẹ̀, Adékúnlé wà lára orúkọ ẹ̀, Edmonton gan-an ni wọ́n sì bí i sí ní 1977. Àmọ́ Calgary ló ń gbá fún, àwọn tí àwa ti Oilers kì í fẹ́ fojú rí. Ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú fún ọdún mélòó kan: mo fẹ́ kí Iginla jẹ góòlù méjì, kí wọ́n sì na ẹgbẹ́ ẹ̀. Ní sáà tó parí ní 2002, góòlù 52 ló jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ tó o ní gbogbo líìgì, ó sì bá Kánádà gba wúrà Òlíńpíìkì. Nígbà tó fi máa kó Calgary dé àṣekágbá ní 2004, mo ti gba kámú, mo ń kígbe fún wọn. Nínú eré kẹta, òun àti Lecavalier ti Tampa Bay bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dìgbò lura wọn. Ayọ̀ ni mo fi pariwo, ọmọ mi tó ti sùn jí. Eré keje, tó kẹ́yìn, ni Calgary ti pàdánù.

Sáà tó tẹ̀ lé e, wọn ò gbá ẹyọ kan. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ àtàwọn eléré ń fa owó mọ́ra wọn lọ́wọ́. Alẹ́ Saturday mi ṣófo, mo bá ń mú ọmọ mi lọ sí pápá yìnyín àdúgbò. Ibẹ̀ ni mo ti fi etí ara mi gbọ́ eré náà: irin tó ń họ yìnyín, rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá tó ń lu pákó ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rín àwọn ọmọ. Tẹlifíṣọ̀n kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ní 2011, Derek Boogaard kú, ọmọ ọdún 28. Ìjà ni iṣẹ́ ẹ̀ nínú eré. Nígbà táwọn dókítà yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, wọ́n rí àrùn tí orí tí wọ́n ń lù léraléra máa ń kó. Mo rántí ariwo tí mo pa ní 2004, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Látọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, màá pa tẹlifíṣọ̀n. Ní 2019, Akim Aliu, agbá họ́kì tí wọ́n bí ní Òkènè ní Nàìjíríà níbí, sọ èébú àwọ̀ tí kóòṣì ẹ̀ kan bú u. Tíkẹ́ẹ̀tì ọdọọdún mi tó parí lọ́dún yẹn, mi ò san án mọ́.

Ní báyìí tí mo ti padà sílé ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá gbá ní agogo méje alẹ́ ní Edmonton nígbà òtútù, aago mẹ́ta òru ni níbí. Mo máa ń sùn. Ní ọjọ́ Sunday, mo ń kó àwọn ọmọ-ọmọ lọ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́. Àmọ́ eré keje àṣekágbá Oilers pẹ̀lú Florida ní June 2024, mo jí wò ó. Góòlù kan ni wọ́n fi na Oilers, mo sì jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó dáa, ti Táyé. Sọ fún ọkọ ẹ pé ní Kánádà wọn kì í jẹ́ káwọn ọmọ tí kò tíì pé mẹ́tàlá fara gbá ara wọn, òfin ni láti 2013. Kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín ná. Má ra nǹkan tuntun, àlòkù pọ̀, àfi akoto: ra tuntun, kó ní àmì CSA, àmì ààbò ti Kánádà. Má jẹ́ kó bọ́ sórí yìnyín láìní ohun tó bo ọrùn. Irin bàtà ló gé Adam Johnson lọ́rùn ní Sheffield ní 2023, ó sì kú. Bàtà yìnyín yẹn kì í ṣe bàtà ọdún tá a máa ń rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a o. Ó máa kéré sí bàtà ilé-ìwé ẹ̀ ní nọ́ńbà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa yẹ̀. Tí wọ́n bá gbá tán, ẹ sá gbogbo ẹ̀, ẹ má fi sínú báàgì. Ní ti owó, àwọn àjọ bíi Jumpstart àti KidSport máa ń ran òbí lọ́wọ́. Tètè kọ̀wé sí wọn. Tó bá fẹ́ wo àgbà tó ń gbá, mú un lọ sí pápá yìnyín Clare Drake ní yunifásítì, àwọn Golden Bears, ẹgbẹ́ ọkùnrin wọn, dáa, àwọn obìnrin Pandas náà ń gbá níbẹ̀.

O ò sọ ti Kẹ́hìndé.

Ìyá Ìbejì, Edmonton: Bàbá wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí bàbá wọn, ó ní òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gba orúkọ. Kẹ́hìndé ní òun ń lọ pẹ̀lú, pé ojú ilé lòun fẹ́ máa ṣọ́. Ṣé ohun èlò ìyẹn ò wọ́n jù?

Bàbá Ìpẹru: Má rà á rárá. Bi ẹgbẹ́ àdúgbò yín, wọ́n sábà máa ń yá àwọn kékeré lò. Fi nọ́ńbà ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Bàtà àwọn ọmọ mi ṣì wà nílé àkọ́bí mi ní Edmonton. Màá pè é lálẹ́ òní.