Thermostat lórí sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì: kí ló ń tètè pa igniter?

Ẹ kú ìgbà òtútù o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo sítóòfù pẹ́lẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń jó hóró igi lílọ̀ tí wọ́n fún pọ̀) ní Maine, Pennsylvania tàbí Minnesota, wọ́n ní tí èèyàn bá ti so thermostat (ẹ̀rọ tó ń wọn ooru yàrá, tó ń darí sítóòfù) mọ́ ọn, igniter (irin tó ń gbóná láti ṣáná sí pẹ́lẹ́ẹ̀tì) kì í pẹ́ kú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiyín náà?

*

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe thermostat gan-an ló ń pa á, iye ìgbà tí sítóòfù ń tanná ni. Igniter kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò tí iná bá fi ń jó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni tirẹ̀: wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀yinná, á fẹ̀, tí iná bá ti gbà, á tutù, á sì sún kì. Fífẹ̀ àti sísún kì yìí, léraléra, ló ń jẹ ẹ́ títí á fi já. Ẹ ṣírò ó wò: ẹ̀ẹ̀mejìlá lójúmọ́ fún 150 ọjọ́ jẹ́ ìgbà 1,800. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ 300 péré.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni ọ̀nà tí sítóòfù yín ń gbà gbọ́ràn sí thermostat lẹ́nu. Tó bá wà ní On/Off, gbàrà tí yàrá bá ti móoru ló máa kú pátápátá, tí òtútù bá padà dé, igniter tún gbọ́dọ̀ jí. Tó bá wà ní High/Low, á kàn rẹlẹ̀ sí iná kékeré ni, kò ní kú. Ní January àti February tí òtútù ń gé èèyàn, High/Low ni kẹ́ ẹ lò. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì á máa lọ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́: tí iná kékeré bá ń jẹ pọ́ùn kan ní wákàtí kan, àpò 40 pọ́ùn á gbé wákàtí 40. Ní October àti April tí oòrùn ń mú ilé móoru lọ́sàn-án, On/Off ló dára jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á lé yín síta.

Tẹ́ ẹ bá lo On/Off, ẹ wá CPH nínú ètò thermostat, ìyẹn iye ìgbà tó lè tanná láàárín wákàtí kan. Nínú ọ̀pọ̀ thermostat Honeywell, 5 ni wọ́n fi í sí wá, torí fánéèsì onígáàsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹ fà á sí 1. Tí tiyín bá jẹ́ oní-"swing" tàbí "differential" (iye digírì tí ooru yàrá gbọ́dọ̀ fi yí kó tó tún tanná), ẹ gbé e dé 2 tàbí 3 digírì Fahrenheit. Ẹ má sì gbé thermostat síbi tí atẹ́gùn gbígbóná sítóòfù ti ń fẹ́ lù ú. Ògiri inú ilé ni kẹ́ ẹ kàn án mọ́, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sókè ilẹ̀.

*

Òótọ́ ni bọ̀ọ̀dá sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé eérú. Inú páìpù kékeré kan lẹ́yìn ìkòkò iná, ibi tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ti ń jó, ni igniter wà. Atẹ́gùn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó ń gbé ooru lọ bá pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Tí eérú bá dí ibẹ̀, ooru ò ní ríbi lọ, igniter á máa sun ara rẹ̀. Ẹ pa sítóòfù, ẹ yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ wá gbé ìkòkò náà jáde, kẹ́ ẹ ha gbogbo ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa eérú inú páìpù.

Àmì pé ó ti ń darúgbó: iná ń pẹ́ gbà ju tẹ́lẹ̀ lọ, pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń gòkè nínú ìkòkò, èéfín á kún, iná á wá gbà lójijì pẹ̀lú ìró "gbòà". Ewu ni! Ẹ má tún tẹ Start lórí ìkòkò tó kún. Ẹ dà á nù, ẹ má dà á padà sínú àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì.

*

Kẹ́ ẹ tó ra igniter òmíràn, ẹ fi mítà iná mànàmáná wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ méjèèjì. Igniter 300 wáàtì tó ń lo 120 fóòtì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 48 ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná mànàmáná lọ́nà) hàn. Fún ẹ̀yin ará London tó ń lo 230 fóòtì, nǹkan bí 176 ni. Tí mítà bá kọ OL, ìyẹn pé iná mànàmáná ò rí ọ̀nà kọjá, ó ti já nìyẹn. Ẹ tún fi ẹnu mítà kan kan wáyà, kẹ́ ẹ fi èkejì kan ara irin rẹ̀. Tí mítà bá ka nǹkan kan níbẹ̀, iná mànàmáná ń jò sára irin, òun náà ló sì ń jó fíùsì. Iye wáàtì àti gígùn kan náà ni kẹ́ ẹ rà padà, ẹ má ra èyí tó lágbára jù ú lọ pé kó lè tètè tanná.

*

Wáyà ńkọ́? Ṣé a lè lo thermostat ara ògiri tó ń gba 120 fóòtì?

*

Rárá o, àbúrò! Pátákó ìdarí inú sítóòfù á jó. Èyí tó ń lo bátìrì, oníwáyà méjì, ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ smart thermostat ń béèrè wáyà C (èyí tó ń jẹ́ kí thermostat fúnra rẹ̀ máa rí iná lò), ọ̀pọ̀ sítóòfù ò sì ní in.

Tí igniter bá ti kú tẹ́ ẹ ṣì ń retí tuntun, tí ìwé sítóòfù yín bá gbà á láyè, ẹ lè fi gẹ́ẹ̀lì ìdáná sórí ẹ̀kúnwọ́ pẹ́lẹ́ẹ̀tì kan kẹ́ ẹ ṣáná sí i, kì í ṣe pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì láé. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ yí sítóòfù kúrò ní On/Off sí High/Low. Tó bá ṣì wà ní On/Off, tó kú lóru, tí thermostat tún pè é, pẹ́lẹ́ẹ̀tì á kàn máa dà sínú ìkòkò tútù ni.